Ọlidé Gígùn, Ọjà Ọba àti Ìsàlẹ̀ Odò Ikpoba

  

Ilé-ìwé fẹ́ palẹ̀ mọ́, a sì ti ń gbọ́ tí àwọn òbí ń bi ara wọn léèrè pé lẹ́sìn wo ni ọmọ máa lọ lọ́dún yìí, èló ni wọ́n ń gbà. Sọ́mà lẹ́sìn ni wọ́n ń pè é. Sọ́mà wo? Ní Benin, nínú oṣù keje? Ẹni tó bá rí oòrùn lásìkò yẹn, ńṣe ló máa ń sáré sá aṣọ. Àmọ́ kì í ṣe orúkọ rẹ̀ la fẹ́ bá jà. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ká má kó gbogbo ọlidé gígùn fún tíṣà lẹ́sìn tán. Ká fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà. Ọjà Ọba là ń wí, àti Ring Road tó wà nítòsí rẹ̀, àti ìsàlẹ̀ Ikpoba níbi tí odò wà.

A mọ̀ pé inú àwọn kan ò ní dùn sí i. Ẹ jẹ́ ká sọ tẹnu wa ná.

Àwa tí a dé ìlú yìí nígbà tó ṣì ń jẹ́ Bendel, kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní Benin nínú kíláàsì. Sẹ́kọ́ńdìrì la kà, ọjà la bọ́ sí lọ́dọ̀ ọ̀gá. Èdè Edo tí a ń gbọ́ lónìí, ẹnu àwọn ìyá oníṣòwò la ti kó o. Ọjà ni wọ́n ń pè ní ẹki, owó ni wọ́n ń pè ní igho. Nígbà tí wọ́n ka iye fún wa pé eva, eha, ene, isẹn, a wojú ara wa. Ṣé èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún kọ́ nìyí? Bí ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Àárọ̀ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ kí ìyá elẹ́ja kan ní "obowiẹ", tó dáhùn, tó sì pè wá ní "ovbimwẹ", ìyẹn ọmọ mi, ọjọ́ yẹn la mọ̀ pé a lè jókòó ní ìlú yìí.

Ọjà Ọba kì í ṣe ọjà àná. Ó ti wà kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà ibí. Ẹ sáà mọ ère obìnrin tó dúró lódìkejì ọjà, tí gbogbo wa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa rò pé olorì kan ni. Rárá o. Emotan ni, oníṣòwò ni, bíi tiwa. Ìtàn tí àwọn Edo ń sọ ni pé nígbà tí Ewuare ń sá kiri, tí Uwaifiokun àbúrò rẹ̀ ti gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí àwọn ìjòyè sì ń dá ọgbọ́n bí wọ́n ṣe máa pa á, Emotan yìí ló ta á lólobó. Ẹni tó jókòó sọ́jà ló gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ láàfin. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ewuare padà jọba ní nǹkan bí ọdún 1440, kò sì gbàgbé obìnrin náà. Nígbà tó kú, wọ́n gbin igi síbi tó ti ń tajà, ibẹ̀ sì di ibi ọ̀wọ̀. Igi yẹn wó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ni Ọba Akenzua Kejì bá ní kí wọ́n ṣe ère rọ́pò rẹ̀. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ John Danford ló ṣe é, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1954.

Ṣé ẹ rí i? Nínú gbogbo ìlú ńlá yìí tó kún fún ìjòyè àti jagunjagun, iyá tó ń tajà ni wọ́n gbé dúró sójú ọjà. Ọmọ tó bá mọ èyí ò ní tijú pé ìyá òun ń ta èlùbọ́.

Àwa báàgì ilé-ìwé àti sándà là ń tà. Báàgì ń ti Lagos wá, sándà púpọ̀ ń ti Aba. Nítorí náà, ìgbà tí àwọn mìíràn ń sinmi ni tiwa ń gbóná. Láti nǹkan bí àárín oṣù kẹjọ títí wọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ilé-ìwé bá wọlé, a kì í ráyè jẹun. Àwọn ọmọ wa ló máa ń dúró tì wá. Ẹni tó lè kà wá owó, ẹni tó lè gun àga láti yọ báàgì pupa tó wà lókè, ẹni tó lè bá ọmọ kọ́sítọ́mà wọ sándà kó má baà máa sunkún. Nínú oṣù kẹjọ yẹn, òjò máa ń dákẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á tutù, àgbàdo á pọ̀. Àgbàdo sísun pẹ̀lú píà tàbí àgbọn, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọdé tún ń wá?

A ní ọmọ kan láàárín wa níbẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní ọlidé kan, kọ́sítọ́mà kan wọlé láti apá Ekenwan, ó ń bá ìyá rẹ̀ ná báàgì ní èdè òyìnbó. Ọmọ yìí dá sí i, ó fi Edo sọ iye tó kù. Obìnrin náà yíjú sí i, ó ní ọmọ ta ni? A ní ọmọ Yorùbá ni. Ó ní irọ́ ni, ẹ ti jí i gbé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Báàgì kan ló fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, méjì ló gbé lọ. Ọmọ kan náà yẹn ló máa ń bá àwọn Ìgbò tó ń kó sándà wá ná ọjà ní tiwọn, tó sì máa ń bá wa sọ Yorùbá tó já gaara. Kò sí lẹ́sìn kankan tó kọ́ ọ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ jẹ́ ká má parọ́ fúnra wa. Báwo làwọn ọmọ wa ṣe ń gbọ́ Yorùbá ní Benin? Ní ilé-ìwé, òyìnbó ni. Ní àdúgbò, pìjìnnì ni. Nínú ilé, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ń sọ èyí tó wù wọ́n. Àwa òbí ń kúrò nílé ní agogo méje àárọ̀, a ń dé ní mẹ́jọ alẹ́, ó ti rẹ̀ wá, "ṣé o ti jẹun, lọ sùn" ni gbogbo Yorùbá tí ọmọ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìlà wa nínú ọjà nìkan ló kù, níbi tí ọmọ ti lè gbọ́ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́, tí àgbà á bá a wí ní Yorùbá, tí wọ́n á pòwe mọ́ ọn, tí wọ́n á ní kó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà tó ń ta aṣọ òkè kó tó kọjá. Ọlidé gígùn nìkan ló sì ń ráyè jókòó síbẹ̀. Bí a bá wá kó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje yẹn náà fún lẹ́sìn tán, níbo ló kù?

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ èdè lásán ni. Ọmọ kan parí sẹ́kọ́ńdìrì, ó fẹ́ wọ ilé-ìwé gíga, wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí ìbílẹ̀ wá. Benin ni wọ́n bí i sí, ní ọsibítù tí kò jìnnà sí wa rárá. Wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ibí, kó lọ sí ìlú bàbá rẹ̀. Ó lọ sílé. Ọ̀fíìsì tó dé, wọ́n bi í ní orúkọ baálé agboolé rẹ̀, kò mọ̀. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀, ó ń fi òyìnbó dáhùn. Akọ̀wé kan sọ lójú rẹ̀ pé èyí kì í ṣe ọmọ wa, ọmọ Bìní lèyí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń lọ tó ń bọ̀ kí bàbá rẹ̀ tó gbéra láti ibí lọ gbà á sílẹ̀. Nígbà tó dé, ó béèrè ohun kan tí kò sẹ́ni tó rí i dáhùn láàárín wa: "Bàbá, níbo wá ni tèmi?"

Kó tó di ọdún 1963, abẹ́ ìjọba kan náà ní Ìbàdàn ni Benin àti ìlú wa wà. Ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Midwest dá dúró, ó di Bendel lọ́dún 1976, ó sì di Edo ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Orúkọ ń yí padà, àwọn èèyàn wa jókòó sójú kan náà tí wọ́n ń tajà. Àwa ò lágbára lórí fọ́ọ̀mù tí ìjọba ń tẹ̀. Àmọ́ a lágbára lórí pé kí ọmọ mọ oríkì rẹ̀ kó sì mọ ìlú tó ń gbé. Nínú ọjà, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ. Wọ́n á ní, "Ọmọ oníbáàgì dà?" Ó ti tán.

Ìyá kan láàárín wa sọ fún wa lọ́dún tó kọjá pé òun ò jìyà tó báyìí kí ọmọ òun wá máa kiri ọjà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká wa lára, nítorí àwa náà kiri, a mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkiri là ń wí. A ò fọwọ́ sí i kí ọmọ gbé omi tútù sórí máa sáré tẹ̀ lé mọ́tò ní Ring Road. Títì bíi mélòó kan ló já síbẹ̀: Sapele Road, Sakponba, Akpakpava, Mission Road, Airport Road, mọ́tò ń ti gbogbo ẹ̀gbẹ́ bọ̀, àwọn tó ń já báàgì gbà náà sì wà. Inú ṣọ́ọ̀bù là ń wí, níwájú àgbà. Ti àwọn ọmọbìnrin sì tún wà lọ́tọ̀. A kì í rán wọn níṣẹ́ láwọn nìkan, a kì í sì jẹ́ kí wọ́n dá lọ sí ilé ìtọ̀. Ìyá kan gbọ́dọ̀ bá wọn lọ. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kó fi ọmọ rẹ̀ sí lẹ́sìn, a ò bá a wí.

Nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí ọjà bá rọlẹ̀ díẹ̀, a máa ń kó wọn jáde. Ring Road kì í ṣe ibi tí mọ́tò ń yípo lásán. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Oba Ovonramwen Square, àwọn àgbà ń pè é ní King's Square. Ovonramwen ni ọba tí àwọn òyìnbó bá jà lọ́dún 1897, tí wọ́n jó ààfin rẹ̀, tí wọ́n kó idẹ àti eyín erin ibẹ̀ lọ, tí wọ́n sì gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sí Calabar, ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1914. Ní àárín gbùngbùn ibẹ̀ ni ilé múṣíọ̀mù wà. Ẹ sanwó fún ọmọ yín kó wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tiwa wọlé, wọ́n ń ka àwọn ère, ọ̀kan bá béèrè pé bí wọ́n ṣe kó tó bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn wo ló wá kù yìí. A sọ fún un nípa àkùkọ idẹ tó wà ní yunifásítì Cambridge láti ọjọ́ yìí, tí wọ́n dá padà, tó dé ààfin Ọba Ewuare Kejì ní oṣù kejì ọdún 2022. Ó ní ọdún mélòó nìyẹn? A ní kó ṣe ìṣirò. Ó ṣe é lórí ìka, ó ṣì í, ó tún un ṣe: 125. Ẹ ò rí i pé ìṣirò náà nìyẹn? Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lè gbé yín dé Igun, níbi tí àwọn tó ń rọ idẹ ṣì ń rọ ọ́ títí dòní. Bí ọmọ bá kí wọn dáadáa, wọ́n á jẹ́ kó wo bí wọ́n ṣe ń fi ìda ṣe àwòrán kí wọ́n tó da idẹ sí i.

Ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, odò ló kàn. Akpakpava lẹ máa gbà, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tí wọ́n ń pè ní Ikpoba Slope, afárá wà nísàlẹ̀, òkè Ikpoba wà lódìkejì, ọjà Oregbeni wà lọ́hùn-ún. Ọ̀nà Agbor nìyẹn. Ọ̀nà yìí ni àwọn ọmọ ogun Biafra gbà wọ Benin ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, wọ́n sì wà nínú ìlú títí di ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án tí ìjọba àpapọ̀ fi lé wọn jáde. Àwọn bàbá wa tó wà ní Benin nígbà náà sọ fún wa pé inú ilé ni àwọn tìlẹ̀kùn mọ́, ọjà sì dá páropáro. A máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ lórí afárá yẹn, nítorí pé tí ẹ bá ń wo ọ̀nà náà ni ìtàn yẹn ń yé wọn.

Létí odò, ohun tí ẹ máa rí pọ̀. Àwọn tó ń fọ mọ́tò wà níbẹ̀, ariwo rédíò wọn ò ṣeé gbọ́. Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun á wá, wọ́n fi ẹfun kun ojú, ti Olókun ni wọ́n. Àwọn mìíràn tún wá nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú agogo àti àbẹ́là, Aládùúrà ni wọ́n, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ọmọ wa kékeré kan béèrè pé èwo ni èwo. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹni tó bá ń kọrin tí o gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tiwa ni." Àmọ́ Olókun náà kúkú jẹ́ tiwa àti tiwọn. Orúkọ kan náà là ń pè é ní Ifẹ̀ àti ní Benin, kò sì sí akọ̀wé tó bi í ní ìwé ìbílẹ̀.

Ọmọ mìíràn béèrè bóyá odò yìí ni òyìnbó gbà wá. Rárá, Ughoton ni, ìyẹn èbúté Benin àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn Potogí dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1486, ata àti eyín erin wà lára ohun tí wọ́n ń rà. Ata o! Ìyẹn ni pé kí àwọn oníṣòwò Lagos tó mọ ọkọ̀ òkun, àwọn ará ibí ti ń ná ata pẹ̀lú òyìnbó létí omi.

Ohun kan tí a ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́: kí ọmọ má wọ omi náà. Ní oṣù keje, tí òjò bá ti rọ̀ lókè, odò Ikpoba máa ń kún lójijì, ó ń fà. Àti pé omi yẹn kì í ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà Edo sọ fún wa pé àwọn ń pọn ọ́n mu nígbà kan. Lókè lọ́hùn-ún ní Okhoro ni wọ́n ti dí i fún omi ẹ̀rọ. Lónìí, gọ́tà ìlú ń ṣàn sínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ń ṣàn sínú rẹ̀, ọ̀rá sì lé téńté sórí rẹ̀. Ó ń dùn wá. Létí irú odò báyìí ní ìlú mìíràn, wọn á ti ṣe bẹ́ǹṣì sí i, wọn á gbin òdòdó, ìdílé á máa wá ṣeré. Tiwa wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ìdọ̀tí là ń dà sí i. Àwa Yorùbá náà wà lára àwọn tó ń dà á, ẹ má jẹ́ ká máa nàka sí onílé nìkan. Àwọn ọmọ wa kó ọ̀rá kún àpò mẹ́rin lọ́jọ́ Sunday kan, láìsí ẹni tó rán wọn. Àwọn tó ń fọ mọ́tò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ná, nígbà tó yá ọ̀kan nínú wọn bá wọn gbé àpò lọ síbi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí.

Bí àwa ṣe pín in lọ́dún yìí nìyí. Lẹ́sìn lọ́jọ́ Monday sí Wednesday, ní òwúrọ̀, nítorí máàkì táwọn kan mú wálé, ó yẹ ká tọ́jú rẹ̀, a ò tan ara wa. Thursday sí Saturday, ọjà. Ìyá àgbà aláṣọ òkè ti gbà pé òun á máa kọ́ wọn ní oríkì ní ọ̀sán Thursday, tí ọjà ò bá ti yá, ẹ̀kọ mímu àti àkàrà ló ń gbà, kò gba owó. Ọmọ yòówù tó bá ràn wá lọ́wọ́ di ìparí oṣù kẹjọ, báàgì rẹ̀ ti wà nílẹ̀, kó mú àwọ̀ tó wù ú. Ṣùgbọ́n kí ó tètè wá o, pupa ló máa ń kọ́kọ́ tán.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Uselu tàbí New Benin, ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé Ring Road lẹ ń lọ, kẹ́ ẹ wá sí ìdí ère Emotan. Ẹ béèrè àwọn Yorùbá tó ń ta báàgì, wọ́n á júwe wa. Kí ọmọ gbé agboòrùn dání.